Ikọ́ ife àti àwọn àrùn ẹ̀dọ̀fóró mìíràn lára ẹni tó ní HIV: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ikọ́ ife kì í pariwo lára ẹni tó ní HIV. Ohun tí gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀, ìyẹn ikọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ àti ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, lè má yọjú títí àìsàn á fi wọra. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìdáhùn yìí fi dá lórí àyẹ̀wò, ìgbà tó yẹ kí a bèèrè fún un, àti bí oògùn kan ṣe ń ba ìkejì jẹ́. Nàìjíríà la fi ojú wò: ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà mọ́ ibi tí ikọ́ ife, ikọ́ ife òun HIV, àti ikọ́ ife tí oògùn kò ràn ti pọ̀ jù.

Ṣé ikọ́ ife àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà?

Ọ̀kan náà ni. Àwọn kan tún ń pè é ní ikọ́ fée. Kòkòrò tó ń fà á ni Mycobacterium tuberculosis, èyí tí Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, kéde rẹ̀ ní Berlin ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, ọdún 1882. Orúkọ náà jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ máa ń ṣi èèyàn lọ́nà díẹ̀: ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí ló sábà ń bá jà, kì í ṣe ẹ̀dọ̀ tó wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Àmọ́ lára ẹni tó ní HIV, ó tètè máa ń kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró lọ síbòmíràn: kókó ọrùn, awọ inú àyà tí omi á gbára jọ sí, egungun ẹ̀yìn, awọ tó bo ọpọlọ. Afẹ́fẹ́ ni kòkòrò náà ń bá rìn. Kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe àrùn ìdílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ti ara bàbá dé ara ọmọ nítorí pé yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn.

Kí ló dé tí HIV àti ikọ́ ife fi máa ń rìn pọ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fa kòkòrò ikọ́ ife símú rí láìmọ̀. Ara kì í sábà pa á tán. Ńṣe ni àwọn sójà ara á rọ̀gbà yí i ká, wọ́n á há a mọ́ ibì kan, yóò sì máa sùn síbẹ̀. Àwọn sójà tó ń ṣọ́ ọgbà yẹn gan-an, àwọn tí ilé ìwòsàn ń kà ní CD4, ni HIV ń pa. Nínú 100 èèyàn tí kòkòrò náà ń sùn lára wọn tí wọn kò ní HIV, bíi 5 sí 10 ni yóò ṣàìsàn ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ẹni tó ní HIV tí kò lo oògùn, ewu tirẹ̀ lè tó 10 nínú 100 lọ́dún kan ṣoṣo. Oògùn HIV ń gé ewu yìí kù ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n kò mú un tán, kódà bí ìwé àyẹ̀wò bá ní kòkòrò HIV ò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi wúkọ́. Ṣé kí n dúró kó pé ọ̀sẹ̀ méjì, bí wọ́n ṣe máa ń sọ lórí rédíò?

Ẹ má dúró. Ẹni tí kò ní HIV ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Fún ẹni tó ní HIV, ikọ́ ọjọ́ kan tó. Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera bi yín nígbàkigbà tí ẹ bá wá gba oògùn: Ṣé ẹ ń wúkọ́? Ṣé ara yín ń gbóná? Ṣé ẹ ń rù? Ṣé ẹ ń làágùn lóru débi pé aṣọ ìbùsùn ń tutù? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan ṣoṣo bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àyẹ̀wò ti kàn. Ti ọmọdé, ẹ fi èyí kún un: ṣé kò sanra bó ṣe yẹ, ṣé ẹnì kan nínú ilé sì ń lo oògùn ikọ́ ife?

Ọjọ́ tí èrò bá kún kílíníkì, àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fò. Wọ́n á kàn fi bírò sàmì sí "bẹ́ẹ̀ kọ́" mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí káàdì. Bí wọn kò bá bi yín, ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ẹni tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti wọ ihò méjì sínú láàárín oṣù kan ti rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ń dùn pé ikùn òun ti wọlé.

Àyẹ̀wò wo ni kí n béèrè fún?

GeneXpert, tàbí Truenat níbi tí kò bá ti sí GeneXpert. Ẹ̀rọ méjèèjì ń wá àmì ara kòkòrò náà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ń sọ bóyá rifampicin, ọ̀gá oògùn ikọ́ ife, ṣì ràn án. Iṣẹ́ GeneXpert kò ju bíi wákàtí méjì lọ. Bí èsì bá pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀nà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rìn, iná mànàmáná, tàbí èrò tó ń tò níwájú yín ló fà á.

Àyẹ̀wò àtijọ́, èyí tí wọ́n ń da kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sórí dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n sì ń fi awò wò, kò tó fún ẹni tó ní HIV. Kí ojú tó rí kòkòrò nínú awò, wọ́n gbọ́dọ̀ tó bíi 5,000 sí 10,000 nínú mílílítà kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan. Ibi tí wọ́n ti ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni ihò tí àrùn náà ń lu sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìjà tí sójà ara ń bá kòkòrò jà ló sì ń lu ihò náà. Níbi tí sójà kò bá ti sí, ihò kì í sábà sí. Àìsàn ti wọ gbogbo ara, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì mọ́ lójú awò. X-ray àyà náà lè tan dókítà jẹ: ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan hàn, tàbí kí àbàwọ́n wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró dípò òkè tí wọ́n ti máa ń wá a.

Báwo ni mo ṣe ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó dáa wá?

Ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ tó fẹnu kan oúnjẹ. Omi lásán ni kí ẹ fi yọ ẹnu, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ bọ́ sí gbangba, tàbí kí ẹ dúró lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí; ẹ má ṣe é nínú ilé ìwẹ̀ tí ẹlòmíràn máa wọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ dì í mú díẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kì í ṣe láti ọ̀fun. Ohun tí à ń wá máa ń ki, ó máa ń fà bí omi ilá. Itọ́ máa ń ṣàn, fọ́ọ̀mù sì máa ń wà lórí rẹ̀. Mílílítà 3 sí 5 ló yẹ, bíi ẹ̀kún ṣíbí tíì kan. Ẹ kọ orúkọ sára ike, ẹ má kọ ọ́ sórí ìdérí rẹ̀, torí pé ní yàrá àyẹ̀wò, ìdérí mẹ́fà lè wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dé e pinpin, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà láìjẹ́ kí oòrùn pa á.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò jáde rárá ńkọ́?

Ìtọ̀ ń bẹ. Àyẹ̀wò LAM dà bí bébà tí àwọn obìnrin fi ń mọ̀ bóyá wọ́n lóyún: ẹ̀kán ìtọ̀ díẹ̀ sórí bébà, ìṣẹ́jú 25, wọ́n ka ìlà. Ẹni tí CD4 rẹ̀ kò tó 200, ẹni tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, tàbí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù ni ó wúlò fún jù lọ. Bó bá ní ikọ́ ife wà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà. Bó bá ní kò sí, ẹ má tìtorí ẹ̀ sùn. Kò lè fúnra rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Ó tún ṣeé ṣe kí wọ́n fi èéfín omi oníyọ̀ mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi láti inú kókó ọrùn. Ìgbẹ́ ọmọdé náà ṣeé gbé sínú GeneXpert, nítorí ọmọdé kì í tutọ́, gbígbé ni wọ́n máa ń gbé e mì.

Wọ́n ní kì í ṣe ikọ́ ife, síbẹ̀ mi ò lè mí dáadáa. Kí ló tún lè jẹ́?

Àkọ́kọ́ ni òtútù àyà tí kòkòrò lásán ń fà. Òjijì ló máa ń bẹ̀rẹ̀: lánàá ara le, lónìí ìgbọ̀nrìrì, ibà gíga, àyà ń gún bí ẹ bá mí sínú. Kò dúró de ìgbà tí CD4 bá lọ sílẹ̀. Ó lè mú ẹnikẹ́ni tó ní HIV. Oògùn apakòkòrò ń wò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kìlọ̀kìlọ̀ kan wà níbí: ẹ má lọ ra levofloxacin tàbí oògùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kẹ́mísì fún ikọ́ tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò. Wọ́n máa ń gbá ikọ́ ife létí díẹ̀, ara á fúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, àyẹ̀wò á pẹ́ sí i, kòkòrò á sì ti mọ ojú oògùn tó yẹ kó pa á lọ́jọ́ iwájú.

Èkejì ni Pneumocystis, èyí tó jẹ́ ẹbí ohun tó máa ń hu sára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Òun ló tú àṣírí éèdì fún ayé: ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 1981, ìwé ìròyìn ìlera ìjọba Amẹ́ríkà gbé e jáde pé ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún ní Los Angeles ní in. Ẹni tí CD4 rẹ̀ wà lábẹ́ 200 ló sábà ń mú. Ikọ́ rẹ̀ gbẹ, kì í ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó sì ń yọ́ wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni náà lè jókòó kó máa sọ̀rọ̀ dáadáa, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí ìka rẹ̀ ka ọ́síjìn 95. Kó rìn dé ẹnu ọ̀nà kó padà, kó já sí 86. Dókítà lè gbé ohun ìgbọ́yà lé e láyà kó má gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà ni a fi ń sọ pé kí ẹ ní kí wọ́n wọn ọ́síjìn yín lẹ́yìn ìrìn, kì í ṣe lórí ìjókòó nìkan. Septrin ni oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀: ìwọ̀n ara ni wọ́n ń fi ṣírò rẹ̀, ó sì lè ju hóró 480 mg méjìlá lọ lójúmọ́, fún ọjọ́ 21. Bí ọ́síjìn bá ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, wọ́n á fi prednisolone kún un: 40 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, 40 mg lẹ́ẹ̀kan fún ọjọ́ 5, lẹ́yìn náà 20 mg fún ọjọ́ 11. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe èyí.

Cryptococcus, tó jẹ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú Pneumocystis, náà ń gba ẹ̀dọ̀fóró wọlé, ìgbẹ́ ẹyẹlé wà lára ibi tó ń gbé. Ọpọlọ ló ń forí lé. Bí ikọ́ bá wà pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí tí kò lọ, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe àyẹ̀wò CrAg. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Èyí tí àwọn oníṣègùn gan-an máa ń gbàgbé ni histoplasmosis, tí ohun tó ń fà á tún jẹ́ ẹbí kan náà. Ibi tí ìgbẹ́ àdán bá wà ló ń gbé. Wọ́n ti rí i nínú ilẹ̀ ihò Ogbunike ní Ìpínlẹ̀ Anambra. Ó ń mú kí èèyàn rù, ó ń mú ara gbóná, ó ń fa ikọ́, X-ray rẹ̀ sì jọ ti ikọ́ ife bí ìbejì. Bí ẹnì kan bá ti lo oògùn ikọ́ ife fún oṣù méjì láìsí ìyàtọ̀, tí GeneXpert kò rí nǹkan kan, tí kókó sì ń yọ sára awọ, ẹ béèrè nípa rẹ̀.

Bí àbàwọ́n elésè àlùkò bá wà lára awọ tàbí lájà ẹnu, tí ẹni náà sì ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, Kaposi lè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Jẹjẹrẹ nìyẹn, ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀.

Oògùn ikọ́ ife: mélòó, fún ìgbà wo?

Oṣù mẹ́fà. Oṣù méjì àkọ́kọ́ jẹ́ oògùn mẹ́rin tí wọ́n pò sínú hóró kan: rifampicin 150 mg, isoniazid 75 mg, pyrazinamide 400 mg, ethambutol 275 mg. Oṣù mẹ́rin tó kù jẹ́ rifampicin àti isoniazid nìkan. Ìwọ̀n ara ló ń pinnu iye hóró. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lo mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń sanra bọ̀, kí wọ́n tún yín wọ̀n, nítorí hóró mẹ́ta tó tó nígbà tí ẹ rù lè má tó mọ́. Ikọ́ ife inú ọpọlọ tàbí ti egungun gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní ìparí oṣù kejì, ìkarùn-ún àti ìkẹfà, awò ni wọ́n ń fi wò ó, kì í ṣe GeneXpert. GeneXpert kò mọ òkú kòkòrò yàtọ̀ sí alààyè. Ó lè ní "wà" lára ẹni tó ti ń yè.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, oògùn HIV tàbí ti ikọ́ ife?

Ti ikọ́ ife ló ń ṣáájú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà, ti HIV náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, iye yòówù kí CD4 jẹ́. Ikọ́ ife inú ọpọlọ nìkan ni wọ́n ń dá ti HIV dúró fún, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, nítorí wíwú inú orí lè pa èèyàn. Ẹni tó ti wà lórí oògùn HIV tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró.

Mo ń lo oògùn HIV tó ní dolutegravir. Ṣé nǹkan kan yí padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibí ni àṣìṣe sì ti pọ̀ jù. Rifampicin máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, débi pé ó ń jó dolutegravir kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, hóró ẹlẹ́ẹ̀kan-lójúmọ́ (tenofovir 300, lamivudine 300, dolutegravir 50) kò tó mọ́. Bí ẹ bá lò ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ ní láti lo dolutegravir 50 mg mìíràn, òun nìkan, ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí tó fi pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ lo rifampicin kẹ́yìn, torí ẹ̀dọ̀ kì í tètè fara balẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kílíníkì ikọ́ ife wà ní ẹ̀yìn ọgbà, ti HIV wà níwájú, káàdì méjì, nọ́ọ̀sì méjì, kò sẹ́ni tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tàbí kí wọ́n fún yín ní dolutegravir alẹ́ fún oṣù kan, kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ẹ padà wá gba ti oṣù kejì. Ẹ máa gbé káàdì méjèèjì dání, kí ẹ sì ka ike oògùn kí ẹ tó kúrò níbi fèrèsé.

Nínú àwọn oògùn HIV mìíràn, efavirenz 600 mg kò nílò àtúnṣe. Lopinavir gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Atazanavir òun rifampicin kò gbọ́dọ̀ pàdé rárá.

Ẹ tún ṣọ́ra fún oògùn ọgbẹ́ inú olómi funfun: ẹ lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti káṣíọ̀mù bẹ́ẹ̀ náà ni, àyàfi tí ẹ bá lo gbogbo wọn pọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV, ara mi ti ń yá bọ̀, ló bá tún dojú rú. Ṣé oògùn kò bá mi lára mu?

Ó lè jẹ́ pé sójà ara ló jí. Wọ́n ti sùn tipẹ́, oògùn ta wọ́n jí, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkú àti alààyè kòkòrò ikọ́ ife jà pọ̀: ibà padà, kókó ọrùn wú, ikọ́ le sí i. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ti wọ́pọ̀ jù, pàápàá lára ẹni tí CD4 rẹ̀ wà lábẹ́ 100. Ẹ má dá oògùn kankan dúró. Ẹ padà lọ kí wọ́n wò ó, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé kì í ṣe pé oògùn kò ràn án tàbí pé àrùn mìíràn wà níbẹ̀. Prednisolone ni wọ́n máa ń fi tu ú lójú bó bá le.

Ìtọ̀ mi pupa bí sóbò. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni?

Rárá, rifampicin ni. Omijé àti òógùn náà lè pọ́n. Kò léwu.

Èyí tó yẹ kí ẹ fiyè sí nìyí. Ẹsẹ̀ tó ń jó tàbí tó ń kú tipiri wá láti ara isoniazid. Fítámì B6, 25 mg lójúmọ́, ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí wọn kò bá fún yín. Oríkèé ara tó ń dunni jẹ́ ti pyrazinamide, ó sábà máa ń lọ. Bí ẹ kò bá mọ àwọ̀ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé mọ́, tàbí tí ojú ń ṣú, ethambutol ni. Ẹ dá a dúró kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Bí ẹyin ojú bá pọ́n yẹ́lò, tí ìtọ̀ dúdú bí omi kóòkì, tí ẹ ń bì, ẹ̀dọ̀ ló ń ké: ẹ dá gbogbo oògùn ikọ́ ife dúró kí ẹ sì lọ lọ́jọ́ náà, kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì.

Ṣé mo lè máa mu àgbo pẹ̀lú rẹ̀?

A kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Isoniazid, rifampicin àti pyrazinamide ń wọ ẹ̀dọ̀ lọ́rùn fúnra wọn. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ ń fi ẹrù mìíràn lé e, kò sì sí dókítà tó lè mọ èyí tó ṣe é léṣe bí ojú bá pọ́n. Ọtí náà bẹ́ẹ̀, fún oṣù mẹ́fà yẹn.

Mo gbàgbé láti lo oògùn àná.

Ẹ lo ti òní. Ẹ má fi méjì pọ̀. Bí ó bá ti di ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Wọ́n lè fi ọjọ́ náà kún ẹ̀yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú, ohun tó burú ni kí ẹ parọ́ pé ẹ lò ó.

Septrin yìí, títí dìgbà wo?

Ẹni tó ní HIV àti ikọ́ ife gbọ́dọ̀ máa lo 960 mg lójúmọ́, ìyẹn hóró 480 mg méjì. Ó ń dènà Pneumocystis àti òtútù àyà, ó sì ń bá ibà jà díẹ̀. Dókítà ló máa sọ ìgbà tó tó, lẹ́yìn tí CD4 bá ti gòkè tó sì dúró. Aláboyún tó ń lo Septrin kò gbọ́dọ̀ tún gba Fansidar tí wọ́n ń fún aláboyún fún ibà, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n. Bí ara bá yún tí ẹnu sì ń bó, ẹ dá a dúró kí ẹ lọ.

Mi ò ní ikọ́ ife. Ṣé oògùn kan wà tí kò ní jẹ́ kó mú mi?

Ó wà, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ní HIV gbà á lẹ́yìn tí ìbéèrè mẹ́rin yẹn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Isoniazid 300 mg lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà ni ti àtijọ́. Èyí tó rọrùn ni 3HP: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12, rifapentine 900 mg òun isoniazid 900 mg, tó jẹ́ hóró mẹ́ta bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n pò pọ̀. Fítámì B6 ń bá méjèèjì rìn. Ẹ mú ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀, bí ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn tàbí ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. 3HP kò béèrè pé kí a sọ dolutegravir di ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìdí tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ife wò ṣáájú ni pé oògùn kan tàbí méjì kò tó láti pa kòkòrò tó ti jí. Èyí tó bá yè á kọ́ bó ṣe ń sá fún un. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn tàbí tó ń mutí gidi kò ní gbà á báyìí.

Mo lóyún. / Mo ń fún ọmọ lọ́mú. / Mo ń ṣètò ọmọ bíbí.

Oògùn ikọ́ ife mẹ́rin yẹn kò léwu fún oyún. Streptomycin ni kò dáa, ó ń ba etí ọmọ jẹ́. Ẹ máa fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ tuntun tí ìyá rẹ̀ ní ikọ́ ife tó lè ran ẹlòmíràn yóò gba oògùn ìdènà, abẹ́rẹ́ BCG á sì dúró títí yóò fi parí rẹ̀.

Ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí: rifampicin ń sọ èyí tí wọ́n fi sí abẹ́ awọ apá àti oníhóró di aláìlágbára. Wáyà inú ilé ọmọ àti abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ṣì ń ṣiṣẹ́. Kọ́ńdọ̀mù náà kò gbọ́dọ̀ sinmi.

Èsì ní rifampicin kò ràn án.

Ikọ́ ife tó ti gbóyà nìyẹn, ó sì ṣeé wò. Yàrá àyẹ̀wò àgbà fún irú rẹ̀ wà ní NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀, ní Yaba, ní Èkó, òmíràn wà ní Zaria. Ní Ìbàdàn, Ilé Ìwòsàn Àyà ní Jericho wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Láti ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ìtọ́jú oníhóró ti oṣù mẹ́fà: bedaquiline, pretomanid, linezolid, moxifloxacin. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń di èèyàn létí. Efavirenz ń jó bedaquiline, nítorí náà wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ sí dolutegravir. Linezolid òun zidovudine, tó jẹ́ oògùn HIV kan, méjèèjì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dín kù lára. Kí wọ́n má fi wọ́n pọ̀.

Ṣé kí n ya abọ́ àti ṣíbí mi sọ́tọ̀?

Kò pọn dandan. Fèrèsé ni kí ẹ ṣí. Ẹ yà yàrá sọ́tọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ bí àyè bá wà, ẹ fi aṣọ bo ẹnu bí ẹ bá ń wúkọ́, kí gbogbo ará ilé sì lọ ṣe àyẹ̀wò, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ṣáájú.

Èló ni? Bí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ bá sì gbọ́?

Àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba àti ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni tó wà nínú ètò náà. Oògùn HIV bẹ́ẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti lé ẹnikẹ́ni nítorí HIV, tàbí láti fi ipá mú un ṣe àyẹ̀wò rẹ̀.

Àwọn àmì wo ni kò gbọ́dọ̀ di òwúrọ̀?

Ẹ ka mímí ẹni náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko pẹ̀lú aago lọ́wọ́: bó bá tó 30, ẹ gbé e lọ lóru náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ìlùkìkì ọkàn bá tó 120 ní ìṣẹ́jú kan, bí ìgbóná ara bá tó 39, bí kò bá lè dá rìn, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń ṣe ségesège, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde tó kún ife. Ẹ gbé gbogbo oògùn tó ń lò dání nínú ọ̀rá, pẹ̀lú káàdì méjèèjì, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá gbà yín pé ó ní HIV. Bí wọn kò bá mọ̀, òtútù àyà lásán ni wọ́n máa wò.